Ta Ni Ká Gbé Kọ́kọ́rọ́ Lé Lọ́wọ́?

Bí ẹgbẹ́ Debian, tó ń to ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fáráyé, bá gbà ọ́ wọlé, wọn kì í san owó oṣù fún ọ, wọn kì í sì fún ọ ní ọ́fíìsì. Ohun tí wọ́n ń fún ọ wúwo ju ìyẹn lọ. Láti ọjọ́ náà, o lè fi ètò kọ̀ǹpútà tí o fọwọ́ ara rẹ tò ránṣẹ́ sí àká ẹgbẹ́, kó sì ti ibẹ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sórí ẹ̀rọ àwọn èèyàn tí o kò mọ̀ rí: yunifásítì, báǹkì, ilé iṣẹ́ ìjọba, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yàrá ìyá rẹ̀. Nígbà tí ètò náà bá sì ń jókòó sórí ẹ̀rọ, àṣẹ ọ̀gá pátápátá ló fi ń ṣiṣẹ́. Kò sí fáìlì tí kò lè ṣí. Àwọn tó ní irú àṣẹ yìí tó bí ẹgbẹ̀rún káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ ojú ara wọn.

Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Ẹgbẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn tí kò bá gba àlejò yóò kú. Àwọn àgbà inú rẹ̀ á bímọ, wọ́n á rí iṣẹ́ mìíràn, á rẹ̀ wọ́n, wọ́n á sì fi ètò tí wọ́n ń tọ́jú sílẹ̀ láìsí alágbàtọ́. Èyí tó bá sì ń gba gbogbo ẹni tó kan ilẹ̀kùn, ọjọ́ kan ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fólè.

Nígbà tí Ian Murdock dá Debian sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, wíwọlé kò le. Àwọn èèyàn ò pọ̀, ẹni tó bá sì ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe á kọ̀wé, wọ́n á ní kó máa bọ̀. Nígbà tó fi máa di 1999, èrò ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn ò sì mọ ẹni tí wọ́n ń ṣí i fún mọ́. Wọ́n bá tì í. Ó di ọdún 2000 kí wọ́n tó tún un ṣí, ètò tuntun sì ti wà níbẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó bá ń bọ̀. Ètò náà ni wọ́n ṣì ń tún ṣe tí wọ́n ń lò títí dòní.

Ìwọ nìkan ò lè dá wá. Ọmọ ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ dúró fún ọ, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti bá ọ ṣiṣẹ́, òun sì mọ bí ọwọ́ rẹ ṣe rí. Àwa tí wọ́n tọ́ nídìí àjọ ò nílò àlàyé lórí ìyẹn: olórí àjọ wo ló máa jẹ́ kí àlejò kó oṣù àkọ́kọ́ láìní onídùúró? Lẹ́yìn onídùúró ni wọ́n á yan ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tí yóò máa yẹ̀ ọ́ wò. Yóò bi ọ́ nípa àdéhùn tí Debian ti bá àwọn tó ń lo ètò wọn ṣe láti 1997. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ kì í fi àbùkù ètò pamọ́ fáráyé? Bí ẹni tó ṣe ètò kan bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ìwé nìkan ló lè lò ó, ṣé ẹgbẹ́ lè gbà á? Bí ẹnu bá yege, ó kan ọwọ́: gbé iṣẹ́ rẹ wá ká wò ó, kó o sì ṣàlàyé ìdí tó o fi ṣe é báyìí. Ìwé á máa lọ, á máa bọ̀. Ó lè gba oṣù mélòó kan, ó sì ti gba àwọn mìíràn ju ọdún kan lọ. Olùyẹ̀wò á wá kọ ìròyìn, àwọn kan á tún ìròyìn náà yẹ̀ wò, àwọn tó ń bójú tó orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ló sì máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Apá tí àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí jù ni ti ìdánimọ̀. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ní kọ́kọ́rọ́ orí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ìlàjì méjì: ìlàjì kan jẹ́ àṣírí rẹ̀, ìlàjì kejì wà ní gbangba. Kọ́kọ́rọ́ yìí ló fi ń ṣe òǹtẹ̀ sórí iṣẹ́ tó bá fi ránṣẹ́, kí àká lè mọ̀ pé òun ló ti wá. Ó ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, 40 nọ́ńbà àti lẹ́tà tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Kí ẹni tuntun tó lè wọlé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé ẹni tó ni orúkọ yìí ló ni kọ́kọ́rọ́ yìí, wọn kì í sì í sábà jẹ́rìí láìfojú rí i.

Ní ìpàdé ọdọọdún wọn, ẹ ó rí i kedere. Èèyàn méjì kojú síra ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn. Ọ̀kan mú bébà tí wọ́n tẹ orúkọ àti àmì gbogbo àwọn tó wà níjokòó sí dání, bírò wà láàárín ìka rẹ̀. Èkejì na ìwé ìrìnnà rẹ̀ síwájú. Ẹni àkọ́kọ́ wo fọ́tò, ó wo ojú, ó tún padà wo fọ́tò. Ó fi àtàǹpàkò ra etí ìwé náà bóyá wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni. "Èyí tó wà lórí bébà yìí, ṣé tìẹ ni?" "Tèmi ni." Ó fàlà sí i. Wọ́n yí i padà, onífọ́tò di olùwò. Lẹ́yìn náà, kálukú sún ẹsẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́, ó bọ́ síwájú ẹlòmíràn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí wọ́n bá délé ni wọ́n tó máa fi kọ́kọ́rọ́ tiwọn fọwọ́ sí ti ẹni tí wọ́n rí. Àwọn tó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé ló tún wá ń fi ṣe òfin pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n kí ni olùwò náà rí gan-an? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2006, ní ìpàdé wọn ní Mexico, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dán wọn wò. Ó mú káàdì ìdánimọ̀ kan jáde tí orúkọ rẹ̀ àti fọ́tò rẹ̀ wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ "orílẹ̀-èdè" tó tẹ̀ ẹ́ jáde kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ ayé. Ẹgbẹ́ kan ló ń ta á. Àwọn tó wò ó gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn kan sì fàlà sí orúkọ rẹ̀. Nígbà tó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ilé gbaná. Àwọn kan ní oníjìbìtì ni, àwọn kan ní ó là wọ́n lójú. Ti àwọn kejì ni mo gbà. Ta ló mọ bí ìwé ìrìnnà Latvia ṣe rí nínú òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́? Gbogbo ohun tí ètò yìí ń sọ kò ju pé ẹnì kan tó ní ojú dúró níbẹ̀, tó sì lè padà rí ìtìjú bó bá ṣe láabi. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkàn rẹ̀ mọ́.

Ó sì ku ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìpàdé Debian tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún ti wá sí ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀kan péré, ní Cape Town lọ́dún 2016, ọmọ Nàìjíríà tó bá sì fẹ́ lọ Cape Town gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bẹ̀bẹ̀ fún físà. Ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́, tó ti tún ètò mẹ́wàá ṣe, lè wà níbẹ̀ kó máa wá ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí yóò wo ojú rẹ̀, kó má rí. Ó tún ru ẹrù mìíràn tí kì í ṣe òun ló dì í. Nítorí àwọn ọmọ Yahoo, orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ nìkan tó láti mú kí àwọn kan gbójú sókè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ wà. Nígbà tí Open Source Community Africa kó wọn jọ ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 2020, wọn kì í ṣe èèyàn perete. Ọ̀lẹ ni ìfura tó bá ti orí ìwé ìrìnnà bẹ̀rẹ̀. Ó ń sin ẹni tó ń fura kúrò nídìí iṣẹ́ tó yẹ kó wò, ó sì ń gbé e lọ síbi orúkọ. Ẹni tó sún mọ́ àtiba ìdajì ayé jẹ́ jù lọ nínú ìtàn sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ ní orúkọ tí kò sẹ́ni tó wò lẹ́ẹ̀mejì.

Jia Tan lorúkọ náà. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fáráyé ẹni tó jẹ́ gan-an, tàbí bóyá ẹnì kan ni àbí púpọ̀.

Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní xz, tó máa ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Kò sí ẹni tó ń dárúkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo Linux. Ọkùnrin ará Finland kan, Lasse Collin, ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́, ní àkókò tó bá ráyè. Ní ìparí 2021, Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe kéékèèké ránṣẹ́. Wọ́n dára. Ó níwà pẹ̀lẹ́, ó máa ń dúpẹ́, kì í janpata. Nígbà tó di 2022, àwọn orúkọ mìíràn yọ, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Jigar Kumar ní àtúnṣe ń pẹ́ jù, pé ètò yìí kò ní tẹ̀síwájú àfi bí wọ́n bá rí alábòójútó tuntun. Dennis Ens náà dá sí i. Collin dá wọn lóhùn pé òun kò pa iṣẹ́ náà tì, pé ara òun, ní pàtàkì ọkàn òun, kò fi bẹ́ẹ̀ le, pé kí wọ́n má sì gbàgbé pé iṣẹ́ tí kò lówó nínú ni. Ó ní òun ti ń bá Jia Tan ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó gba ipò tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò jẹ́ kó sinmi. Dennis Ens ló tún padà dá a lóhùn pé bó bá rẹ̀ ẹ́, kó gbé e fún ẹlòmíràn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà. Ẹnì kan ń tutù, àwọn mìíràn ń gbóná. Ẹni tó tutù kò bèèrè ipò rí. Àwọn tó gbóná ló ń bá a bèèrè. Ọlọ́pàá tó bá ti wà nídìí iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ á mọ ọgbọ́n yẹn. Àmọ́ alábòójútó tó dá nìkan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lálẹ́, tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kò lè mọ̀ pé ohùn mẹ́ta tó ń gbọ́ lè jẹ́ ti ẹnu kan. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àárẹ̀ ọkùnrin yẹn ni wọ́n fi ṣe ẹnu ògiri.

Ní 2023, Jia Tan ti ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde fúnra rẹ̀. Ó tún yí àdírẹ́sì padà níbi tí Google ti ń fi ẹ̀rọ wá àbùkù nínú ètò ọ̀fẹ́, kí ìròyìn àbùkù xz máa bọ́ sọ́wọ́ òun. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2024, ó gbé ẹ̀dà 5.6.0 jáde. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà nínú rẹ̀. Ó fi májèlé náà sínú àwọn fáìlì tí wọ́n ń lò fún ìdánwò, èyí tó yẹ kó jẹ́ ìdọ̀tí lásán tí kò sẹ́ni tó ń kà. Ìlà kóòdù tó máa jí i sì wà nínú àpò tí wọ́n dì fún pínpín nìkan. Kò sí níbi tí gbogbo ayé ti ń wo iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè gba inú ètò tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè kọjá láìkan ilẹ̀kùn. Ní oṣù kẹta, orúkọ mìíràn tún yọ, Hans Jansen, ó ń rọ Debian pé kí wọ́n tètè gba ẹ̀dà 5.6.1. Jia Tan fúnra rẹ̀ náà ń rọ Ubuntu, tó jẹ́ irú Debian.

Andres Freund ni kò gbà. Ẹnjiníà Microsoft ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátà. Ó ń wọn bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń yára tó, ó wá ṣàkíyèsí pé wíwọlé láti òkèèrè ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ì bá mí kanlẹ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Freund tọpasẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde, ó kéde rẹ̀ fáráyé. Májèlé ti wọ ẹ̀dà ìdánwò Debian àti ti Fedora, irú rẹ̀ mìíràn, kò tíì wọ èyí tí àwọn báǹkì àti ilé ìwòsàn ń lò. Nínú ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ewu, 10 nínú 10 ni wọ́n fún un.

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ni pé, báwo ni wọ́n ṣe máa dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Mo rò pé ìbéèrè náà ṣìnà. Lẹ́nu ọ̀nà, Jia Tan kò ní àbàwọ́n. Iṣẹ́ tó fi ọdún méjì ṣe jẹ́ iṣẹ́ gidi. Lóòótọ́, bó bá jẹ́ pé Debian ló fẹ́ wọ̀, wọn ì bá ní kó wá fojú hàn, kò sì fojú han ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè fi ọdún méjì ṣe sùúrù, bóyá kò ní ṣòro fún un láti rán ẹnì kan tó ní ìwé ìrìnnà tòótọ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ohun tó ṣeé rí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìkánjú ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ lè bínú pé wọn ò tíì wo tòun, àmọ́ kì í fi gbogbo ọjọ́ bèèrè kọ́kọ́rọ́. Ohùn tó bá tún ń yọ láti ibi tí a ò mọ̀, tó ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan, tí kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó yẹ kí a bi í léèrè ibi tó ti wá. Mo sì tún ń wo èyí tí àwọn èèyàn kì í kà sí: ẹni tuntun tó ń tètè kó àwọn ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà wọlé sọ́wọ́ ara rẹ̀, tó ń paná àwọn ohun tó ń kígbe bí nǹkan bá bàjẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2023, Jia Tan ní kí wọ́n pa ohun kan nínú ìyẹ̀wò Google, ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, wọ́n sì gbà. Lónìí la mọ̀ pé ohun tí wọ́n pa yẹn wà lára ohun tí ọ̀nà ẹ̀bùrú rẹ̀ nílò.

Kì í sì í ṣe gbogbo oníjìbìtì ló ń ṣe sùúrù. Ní 2018, ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní right9ctrl kọ̀wé sí Dominic Tarr pé òun fẹ́ máa bá a tọ́jú event-stream, ètò kékeré tí àìmọye ètò mìíràn gùn lé. Tarr kò lò ó mọ́, kò sì rí owó lórí rẹ̀. Ó gbé e fún un. Kò pẹ́ tí májèlé fi wọ inú rẹ̀, wọ́n ń wá owó bitcoin inú àpò Copay. Àwọn èèyàn bú Tarr. Mi ò bá wọn bú u. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ pawó ò bi í léèrè rí pé ṣé ó rẹ̀ ẹ́.

Bákan náà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ lè ba nǹkan jẹ́ ju olè lọ. Ní 2006, ọmọ Debian kan tí kò sẹ́ni tó fura sí pa ìlà méjì rẹ́ nínú OpenSSL, ètò tí wọ́n fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́, torí pé irinṣẹ́ kan ń ráhùn nípa wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló ń fún kọ́kọ́rọ́ ní àìròtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ó tó ọdún méjì, ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, kí Luciano Bello tó rí i. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn kọ́kọ́rọ́ tí Debian ń ṣe ní irú kan kò ju 32,768 lọ. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà á ṣí gbogbo wọn tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ ẹgbẹ́ náà ti yege ohun gbogbo, ojú rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ojú kejì.

Ibí yìí ni mo wà. Akitiyan tí a fi ń wo ẹni tó ń bọ̀, ó yẹ ká pín in sí méjì, ká fi ìdajì wo iye àṣẹ tí a fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́, àti ẹni tí yóò máa wò ó lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìpinnu Debian ní 2007 sí èyí tó gbọ́n ju gbogbo ìbéèrè olùyẹ̀wò lọ. Wọ́n dá ipò kan sílẹ̀ níbi tí ẹni tuntun lè fi ètò ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dárúkọ fún un nìkan. Bó bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kó bọ́ síwájú. Bó bá ba á jẹ́, ọ̀kan ló bà jẹ́. Ní 2010 wọ́n tún gbà pé àwọn tó ń túmọ̀ èdè tàbí tó ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà lè di ọmọ ẹgbẹ́ gidi láìní kọ́kọ́rọ́ àká rárá. Ọ̀wọ̀ àti àṣẹ kì í ṣe nǹkan kan náà.

Àmọ́ ìfura náà ní iye tó yẹ kó mọ. Ní 2021, aráyé gbọ́ pé àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Minnesota ti fi àtúnṣe tó lábùkù ránṣẹ́ sí Linux, kí wọ́n lè kọ ìwé pé ó ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹrin, Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó Linux, ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo yunifásítì náà, ó sì kó àtúnṣe 190 tó ti ibẹ̀ wá jọ pé kí wọ́n yọ wọ́n kúrò. Nígbà tí wọ́n fara balẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dára. Inú mi dùn sí ìbínú rẹ̀, torí èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe eku tí wọ́n ń fi ṣe ìdánwò. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé mélòó ló ti ṣe iṣẹ́ gidi níbẹ̀, tí wọ́n jí láàárọ̀, tí wọ́n rí i pé orúkọ ilé ìwé wọn ti di ẹ̀bi?

Àwọn tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dààmú alábòójútó kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀daràn. Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2020. Iléeṣẹ́ DigitalOcean ti ṣèlérí ẹ̀wù fún ẹni tó bá fi àtúnṣe mẹ́rin ránṣẹ́ sí ètò ọ̀fẹ́. Àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "iṣẹ́ àrà" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ètò, wọ́n sì fi ránṣẹ́ bí àtúnṣe. Lọ́tùn-ún lósì, àwọn alábòójútó ń ti ilẹ̀kùn ní gbogbo òru nítorí ẹ̀wù tí kò tó nǹkan. Kí oṣù náà tó jìnnà ni wọ́n ti yí òfin padà: àfi ètò tó bá sọ pé òun gbà. Ní báyìí, ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé bí èèyàn ló gba ipò wọn. Daniel Stenberg tó dá ètò curl sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 pé ìròyìn àbùkù tí kò sí ń rọ́ wọlé, gígùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn, irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo gbà pé ó ń gbani là níbẹ̀ kò le: ẹ bi í ní ìbéèrè kan lórí iṣẹ́ tó ní òun ṣe. "Kí ló dé tó o fi fi ìlà yìí síwájú èyí?" Ẹni tó ṣe é á dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń kọsẹ̀. Èyí tí kò ṣe é á dúpẹ́ fún ìbéèrè náà, á sì kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta tí kò kan ohun tí wọ́n bi í.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Ẹgbẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn máa ń tijú èyí jù, torí pé ẹni tó ń bọ̀ ò bèèrè owó. Báwo lo ṣe fẹ́ lé ẹni tó wá bá ọ ru ẹrù? Wọ́n á wá dákẹ́. Ìwé rẹ̀ á jókòó síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn burú ju ìkọ̀sílẹ̀ lọ, pàápàá fún ẹni tó jìnnà, tí kò lè bá ẹnikẹ́ni pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó bi í léèrè. Ó máa rò pé orílẹ̀-èdè òun ni. Ohun tó dára nínú ìṣe àwọn Debian ni pé wọ́n lè dá ìbéèrè rẹ dúró, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tó kù: lọ tọ́jú ètò méjì fún ìgbà díẹ̀, kó o padà wá. Olódodo á lọ, á sì padà. Oníjìbìtì tó ń kánjú á wá ilé mìíràn. Èyí tó ń ṣe sùúrù náà á padà, mo gbà, àmọ́ ó ti fi iṣẹ́ gidi sanwó ẹnu ọ̀nà, yóò sì bá kọ́kọ́rọ́ kékeré.

Ìdí mìíràn tún wà tí wọ́n fi ń kọ ìdí sílẹ̀. Bí ìfura bá wà ní orí ẹnì kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ ìkórìíra; bó bá wà lórí bébà, ẹlòmíràn lè kà á kó ní, "Èyí ò tó." Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kà á ní ìkọ̀kọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ ní gbangba, torí orúkọ tí wọ́n bá ti pè ní olè níwájú ẹgbẹ̀rún èèyàn kì í padà sípò, kódà bí ó bá jẹ́ àṣìṣe.

Lasse Collin padà sídìí xz. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó gbé ẹ̀dà 5.6.2 jáde, tí ọ̀nà ẹ̀bùrú kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ní Debian, iṣẹ́ kan tí kò dùn ún ṣe ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n ń wá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí kò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́ láti ọdún pípẹ́, wọ́n ń kọ̀wé sí wọn, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀? Ẹni tó bá dáhùn pé òun wà, wọ́n á fi sílẹ̀. Ẹni tí kò dáhùn, wọ́n á yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, bó bá sì fẹ́ padà lọ́jọ́ kan, ọ̀nà wà, kò gùn bí ti ẹni tí wọn ò mọ̀ rí.